Orúnkún Nimotallahi àti Adágún Ẹ̀yìn Oko

Orí àga ni mo ti kọ́kọ́ rí Nimotallahi. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa ní Ìwó, ní apá ti àwọn obìnrin. Nígbà tí gbogbo wa forí kanlẹ̀, òun nìkan ló jókòó lẹ́yìn lórí àga oníke funfun, tó tẹrí ba díẹ̀. Bí a ti kírun tán, mo bá a gbé àga náà jáde. Ó dúpẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ káàánú mi o. Èmi nìkan ni mo ní ìtẹ́ níbí." Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni. Alùpùpù ló gbé e ṣubú ní ọ̀nà Ilé-Ogbó, tí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún fi fọ́. Eegun jinná, ṣùgbọ́n orúnkún kọ̀, kò ká mọ́. Ó lè rìn, ó lè ṣiṣẹ́. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò lè fi iwájú orí kan ilẹ̀ fún Ẹlẹ́dàá rẹ̀ mọ́. Ó mọ̀ pé ẹ̀sìn gba aláìsàn láyè kí ó jókòó kírun. Wọ́n gbà á láyè lóòótọ́. Ọkàn rẹ̀ ni kò gbà.

Ẹni tó ń bá a na ẹsẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní kí ó máa rìn nínú omi, kí ó sì kọ́ ìwẹ̀, nítorí omi a máa gbé ara ró. Ṣùgbọ́n ibo ni obìnrin oníhíjáàbù yóò ti lúwẹ̀ẹ́ ní Ìwó? Ọkọ rẹ̀, Abdulganiyu, ló rántí adágún kékeré kan lẹ́yìn oko ìyá àgbà kan tí wọ́n ti máa ń ra iṣu ní ìtòsí Kuta. Ẹfúnróyè ni orúkọ ìyá náà. Olórìṣà ni, ẹ̀bá adágún yẹn ni wọ́n sì bí i sí.

Inú ọyẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Nimotallahi fẹ́ kúnlẹ̀ kí ìyá, orúnkún kò jẹ́. Ó kàn tẹrí ba.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹsẹ̀ ni."

"Ẹsẹ̀ náà la fẹ́ wò. Kí omi kí o tó wọ̀ ọ́."

Nimotallahi wo ojú ọkọ rẹ̀. "Mùsùlùmí ni mí, Màmá."

"Ta ló ní kí o bọ ọ́? Kí i ni mo ní kí o kí i. Ṣé ẹ kì í kí onílé ní Ìwó ni?"

Nimotallahi rò ó wò, ó kọjú sí adágún, ó ní, "Àsàlámù àlàékùm."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ti gbọ́. Ó ń dáhùn nísàlẹ̀. Ó yá, bu omi sí àyà, bu ú sí ẹ̀yìn ọrùn, kí ara lè mọ ilé tó ń wọ̀."

Nimotallahi ti rò pé omi yóò gé òun jẹ. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọyẹ́, omi a máa móoru ju afẹ́fẹ́ lọ. Èéfín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń rú lójú adágún bí ìgbà tí a ṣí ìkòkò. Jíjáde ló le. Ìyá a ti dáná sílẹ̀ dè é. Nígbà tí ọyẹ́ lọ, tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn sì mú, òkè omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá rìn wọ ìsàlẹ̀, òtútù ń bẹ níbẹ̀.

"Ilé olórogún ni," ni ìyá wí. "Ìyàwó wà lókè, ìyálé wà nísàlẹ̀. Má lọ jí ìyálé."

Abdulganiyu kò mọ ìwẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ló máa ń jókòó sí, tí yóò kẹ̀yìn sí omi, tí yóò máa gbọ́ rédíò, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ sí ìyàwó rẹ̀ nínú aṣọ tútù. Ìyá a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Ọkọ ìyàwó, ṣé igi yẹn lo wá fẹ́ ni?"

Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, Nimotallahi ti lè léfòó, ó ti lè lúwẹ̀ẹ́ dé àárín adágún kí ó sì padà. Síbẹ̀ kò dán ìkúnlẹ̀ wò lórí ilẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé bí orúnkún bá tún kọ̀, ìrètí pin nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, pẹ̀lú ìjì. Nígbà tí wọ́n tún dé oko, ìyá ti lọ sí ọjà Olúpọ̀nnà, wọ́n sì ti ta màrìwò dí ọ̀nà adágún.

"Wọ́n ta màrìwò síbí o," ni Abdulganiyu wí.

"Ti òrìṣà wọn nìyẹn. Kò kan àwa tí à ń kírun," ni Nimotallahi wí.

Ó bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀. Oòrùn ti yọ, omi sì dà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, àfi pé ó dúdú díẹ̀. Ìyá kò sí níbẹ̀, nítorí náà kò bu omi sí àyà, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn rọra bọ́ sínú rẹ̀, ó sì forí lé àárín.

Ibẹ̀ ni òtútù ti dì í mú, bí ẹni tí wọ́n rì sínú àmù. Òjò ti ro adágún pọ̀. Ìyálé ti gòkè wá. Èémí rẹ̀ há. Pajápajá mú ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá. Ó pe ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, omi wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Nígbà náà ló rántí ohun tí ìyá kọ́ ọ: bí omi bá dẹ́rù bà ọ́, sùn lé e. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó sùn lé omi, èémí rẹ̀ sì padà díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló kù tí yóò gbé e dé èbúté. Ó ká a, ó nà án, ó tún ká a, títí koríko etí omi fi kàn án lórí. Ó dojú bolẹ̀, ó rákòrò jáde nínú ẹrẹ̀.

Abdulganiyu ti sáré wọ omi tòun ti bàtà. Ó bá a níbi tó ti forí sọlẹ̀, ó rò pé ó ti dákú.

"Nimọ. Nimọ, dá mi lóhùn."

"Ẹ dúró ná," ni Nimotallahi wí, kò gbórí sókè. "Mò ń dúpẹ́."

Ìgbà yẹn ni ọkọ rẹ̀ tó rí i pé orí orúnkún méjèèjì ló wà.

Nígbà tí ìyá ti ọjà dé, Nimotallahi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. "Mo rò pé màrìwò yẹn kò kàn mí, Màmá."

"Bí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀, òtútù ìsàlẹ̀ ló ń gòkè, la ṣe ń ta á, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́ títí omi yóò fi rójú. Ta ló wá sọ fún ọ pé òtútù mọ ẹni tó ń kírun?" Ìyá fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ló bá wo ilẹ̀. Ó rí orúnkún ọ̀tún tó ká. "Ó tó, dìde. Rárá, dúró bẹ́ẹ̀ ná. Jẹ́ kí n wò ó dáadáa."

Nimotallahi ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìwó. Ní ọjọ́ Jímọ̀, àárín wa ló máa ń wà, lórí ẹní. Àga oníke funfun náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá Ẹfúnróyè ní oko. Òun ni ìyá ń jókòó lé bí ó bá ń bó ẹ̀gúsí.