Bàbá Hàbíbàt Ò Jẹ́ Kí Òjò Pa Bàtà

Ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n fẹ́ tìtorí bàtà tú mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ká ní Igbó-Ọrà, Bàbá Hàbíbàt ló fà á. Àwọn èèyàn ń sọ ọ́ báyìí bí ẹni sọ àwàdà. Kì í ṣe àwàdà lójú èmi tí mo jẹ́ ìyàwó rẹ̀. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, inú ṣì ń bí mi dòní.

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Ilé wa kọjú sí mọ́ṣáláṣí, títì nìkan ló là wá láàárín. Bàbá Hàbíbàt ti ṣe àlùwàlá tán, ó ti ń wọlé lọ kírun, ló bá rí bàtà àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà aláwọ gidi, tí ẹrẹ̀ bò, tí wọ́n tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ pa bíi sálúbàtà, tí ọ̀kan gun orí èkejì. Ó dúró wò ó. Ó mi orí. Ló bá yí padà, ó sọdá títì, ó wọ yàrá lọ gbé àpótí rẹ̀ jáde: búrọ́ọ̀ṣì, pọ́líìṣì dúdú, pọ́líìṣì búráùn, àti àkísà tó fà ya lára ìró mi láì bèèrè. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí. Lèmọ́mù ń ṣe wáàsí nínú ilé, òun ń fi igi ha ẹrẹ̀ níta.

Kí wọ́n tó kírun tán, kò sí bàtà tí kò dán níbẹ̀. Ó wá tò wọ́n. Dúdú lápá kan, búráùn lápá kan, gbogbo imú bàtà kọjú sí títì bí ọmọ iléèwé tó tò sórí ìlà.

Àwọn èèyàn jáde. Wọ́n dúró. Ẹnikẹ́ni ò rí bàtà rẹ̀. Ẹrẹ̀ tó wà lára bàtà àti ibi tí wọ́n bọ́ ọ sí ni olúkúlùkù fi ń dá tirẹ̀ mọ̀, Bàbá Hàbíbàt sì ti kó méjèèjì kúrò.

Lèmọ́mù Àbdùlàhí gbé bàtà ara rẹ̀ gan-an lọ́wọ́. "Tèmi kọ́ nìyí," ó ní. "Tèmi ò dán."

"Tiyín ni, Lèmọ́mù. Inú ẹrẹ̀ ló wà látọjọ́ yìí."

"Ìwọ Àkíbù, àwa ń kírun nínú ilé, ìwọ jókòó síta?"

"Ẹ̀yin ń bẹ Ọlọ́run fún ọkàn wọn. Mo ní kí n bá wọn tọ́jú ẹsẹ̀."

Dàda, àbúrò rẹ̀, wà níbẹ̀. Opéléńgẹ́ ni mò ń pe Dàda. Mo ti fún un lórúkọ yẹn látìgbà tí mo wọlé ìyàwó, kí ikùn tó dé. Opéléńgẹ́ ré bàtà ara rẹ̀ kọjá, ó padà, ó tún ré e kọjá, ó wá fi ẹsẹ̀ lásán lọ sílé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé olè ti wọ mọ́ṣáláṣí. Ilẹ̀ mọ́, ó wá fẹjọ́ sun ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rí bàtà ara rẹ̀ lójú fèrèsé wa, níbi tí Bàbá Hàbíbàt bá a tọ́jú rẹ̀ sí, ó gbé e, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "bàtà yín yìí mà dáa o. Níbo lẹ ti rà á, kí n lọ ra irú ẹ̀ dípò tèmi tí wọ́n jí?"

Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín pé ṣúmékà ni Bàbá Hàbíbàt. Àgbẹ̀ ni. Ẹ̀gẹ́ àti iṣu ló ń gbìn lọ́nà Ìgàngán. Bàtà kan ṣoṣo ló ní, aláwọ dúdú, olókùn, tó rà n'Íbàdàn kí a tó bí Hàbíbàt. Hàbíbàt ti di ìyá ọmọ báyìí. Bàtà yẹn ò gbó. Èmi ni mo gbó.

Tó bá ti òde dé, kì í kí èèyàn. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ tààrà. Á tú okùn bàtà, á gbá ìsàlẹ̀ ọ̀kan mọ́ ti èkejì kí iyẹ̀pẹ̀ dànù. Àkísà gbígbẹ ló kọ́kọ́ ń kàn án, nítorí ó ní ẹni tó bá da omi lé eruku ti po ẹrẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, àkísà tútù tó fún dáadáa. Á wá rún bébà ìròyìn àtijọ́ sínú rẹ̀ kí imú rẹ̀ má baà wọlé, á gbé e síbi tí oòrùn ò dé, tí atẹ́gùn dé. Tí mo bá gbé e sún mọ́ ààrò láti gbá ilẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Tó bá gbẹ tán, á fi ìka kan ṣoṣo nínú àkísà bu pọ́líìṣì díẹ̀, á máa fi ra á róbótó róbótó. Á wá ká ọwọ́ gbera, á máa wò ó.

"Kí lẹ ń wò?"

"Kó jẹ ẹ́ ná."

Ìgbà tí bàtà bá jẹ ẹ́ tán ló ń tó mú búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ alẹ́ ló jẹ́ pé ó ti bèèrè bóyá bàtà ti jẹun kó tó bèèrè bóyá èmi ti jẹun.

Ṣíbí kan sì wà. Ṣíbí mi ni, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Àpò rẹ̀ ló ń gbé. Ìdí ṣíbí yẹn ló fi ń ti gìgísẹ̀ wọlé kí ẹ̀yìn bàtà má baà tẹ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ kan l'Érúwà, ó yọ ọ́ jáde, ó fẹ́ wọ bàtà kó máa lọ. Àwọn tó ń pín oúnjẹ rò pé ebi ṣì ń pa á, wọ́n tún gbé ìrẹsì fún un. Ó jókòó padà, ó jẹ ẹ́. Ṣíbí yẹn náà ló fi jẹ ẹ́.

Nígbà tí àwọn ẹbí Tàófíìk wá tọrọ Hàbíbàt, àwọn ọkùnrin wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní àgbàlá wa. Gbogbo wa ń wo ojú ọkọ ìyàwó. Bàbá Hàbíbàt ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ dìde," ó ní. "Ẹ dìde ná. Ẹ ń fọ́ imú bàtà."

Wọ́n dìde, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n tún dọ̀bálẹ̀. Bàbá Hàbíbàt ti gbé bàtà Tàófíìk lọ́wọ́, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́.

"Bàtà yìí ti rí iná."

"Òjò ló pa á, sà. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kó lè tètè gbẹ."

"Òjò pa á, ìwọ wá sun ún."

"Ẹ má bínú, sà."

"Òjò á pa Hàbíbàt náà lọ́jọ́ kan. Báwo lo ṣe fẹ́ ṣe tiẹ̀?"

Ọmọ ọlọ́mọ ń làágùn. Ó ní, "Màá gbé e síbi atẹ́gùn, sà. N ò ní kánjú."

"Mo ti fún un," Bàbá Hàbíbàt wí. Wọn ò tíì béèrè lọ́wọ́ mi. Inú ilé ìdáná ni mo wà, bí mo ṣe gbọ́ pé mo ti fún ọmọ lọ́kọ nìyẹn.

Mo ti ń bọ̀ síbi tó ti dùn mí.

Bí òjò bá ká Bàbá Hàbíbàt mọ́ ọ̀nà, bàtà ló kọ́kọ́ ń bọ́. Á fi náílọ́ọ̀nù wé e, á há a sábíyá, á máa fi ẹsẹ̀ lásán lọ nínú àgbàrá. Lọ́jọ́ kan òjò ká òun àti Láńrewájú ọlọ́kadà mọ́ ọ̀nà oko, náílọ́ọ̀nù ò sí. Ó ní kí Láńrewájú dúró, kó bọ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀, kí wọ́n fi wé bàtà.

"Bàbá, èmi ńkọ́?"

"Alààyè ni ẹ́, awọ tìrẹ á tún ara ẹ̀ ṣe. Màlúù tó ni èyí ti kú. Ta ni kó bá a tún un ṣe?"

Láńrewájú bọ́ ẹ̀wù. Nígbà tí wọ́n délé, eyín àwọn méjèèjì ń gbá ara wọn, bàtà nìkan ni òjò ò pa.

Gbogbo ìlú fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí mo mọ̀ pé ó gbà á gbọ́. Ní àsìkò òjò tó kọjá yìí, ó ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé àdúgbò. Òjò dé, ó bọ́ bàtà. Pákó kan wà lábẹ́ àgbàrá, ìṣó wà lára pákó. Ó wọlé tòun ti ẹ̀jẹ̀, bàtà ń bẹ lábíyá.

"Ìṣó ti gún yín lẹ́sẹ̀."

"Mo mọ̀. Mú bébà wá, inú rẹ̀ tutù díẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

"Awọ alààyè ni. Á jiná."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bú u. Mo ránṣẹ́ pe Opéléńgẹ́, òun náà bẹ̀ ẹ́. Hàbíbàt sunkún lórí fóònù. Ó ní á jiná. Ẹsẹ̀ wú, ibà dé, ó ṣì ń ní á jiná. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́ la tó rí i gbé lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó wò ó wo èmi náà. Bàbá Hàbíbàt la ojú. Ó wo nọ́ọ̀sì láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "fa ẹ̀yìn bàtà ẹ sókè."

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fà á sókè. Ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn nìyẹn. Kò dárúkọ mi. Kò dárúkọ Hàbíbàt. Ẹ̀yìn bàtà nọ́ọ̀sì ló ń dùn ún.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, bàtà wà lójú fèrèsé, ó gbẹ, ó dán, bébà kún inú rẹ̀. Mo fa bébà yọ. Mo gbé e síta, sábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò, mo ní kí òjò pa á dáadáa. Kó pa á títí tó fi máa mọ gbèsè tó jẹ mí.

Omijé ò tíì gbẹ lójú wa tí Opéléńgẹ́ fi dé.

"Ìyá Hàbíbàt, bàtà Bọ̀ọ̀dá tó wà níta yẹn ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni yóò jẹrà sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ẹ̀yìn bàtà pa, ẹ fẹ́ fi ṣe kí ni?"

"Mo kàn bèèrè ni."

"Ẹ má bèèrè mọ́."

Mo sọ fún Hàbíbàt pẹ̀lú. Ẹni tó bá fọwọ́ kan bàtà yẹn, èmi pẹ̀lú ẹni náà ni. Nígbà tí a fi máa ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, ó ti bu, ó funfun, ẹrẹ̀ ti ta sí i lára títí dé okùn.

Èrò pọ̀ níbi àdúrà náà. Inú ilé ni mo wà láàárín àwọn obìnrin. Mo jáde láti bu omi, ni mo bá rí bàtà àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà wa. Gbogbo rẹ̀ ló dán. Ti Láńrewájú dán. Ti Tàófíìk dán. Àwọn àgbẹ̀ tí wọn ò ra pọ́líìṣì rí láyé wọn, tiwọn dán. Wọ́n tò ó sórí ìlà, imú rẹ̀ kọjú sí títì. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe é.

Àdúrà parí, wọ́n jáde, wọ́n tún dúró bíi ti ọjọ́sí.

"Tèmi kọ́ nìyí," ẹnì kan wí.

"Tèmi ò dán tó báyìí," ẹlòmíì wí.

Lèmọ́mù Àbdùlàhí di ògiri mú. "Ẹ̀rù Àkíbù ló ń bà wá," ó ní. "Ó ti lọ, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà wá." Ẹ̀rín bá bú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wọ ohun tó bá wọn lẹ́sẹ̀ mu, wọ́n lọ. Ẹnì kan tó fi ẹsẹ̀ lásán wá ti wọ ti Opéléńgẹ́ lọ. Bàtà kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀, ti Bàbá Hàbíbàt, lábẹ́ òrùlé níbi tí mo gbé e sí. Kò sẹ́ni tó ṣì í gbé. Òun nìkan ló dọ̀tí ní gbogbo àgbàlá.

Opéléńgẹ́ wò ó, ó wò mí. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ojú ọ̀run ti ṣú. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí òkúta. Ó fẹ̀ bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìka rẹ̀ ṣẹ́ síta bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Opéléńgẹ́, níbo lẹ ń lọ?"

"Ilé."

"Tẹ̀yin ti ẹsẹ̀ lásán?"

"Ẹ ní kí n má bèèrè mọ́."

Mo gbé bàtà náà, mo jù ú síwájú rẹ̀. Mo gbé àpótí tẹ̀ lé e. Ó jókòó. Mo dúró tì í, mo ń retí kó da omi sí i kí n lè rí ohun pariwo lé lórí. Àkísà gbígbẹ ló kọ́kọ́ mú. Ó tú okùn, ó gbá ìsàlẹ̀ mọ́ra wọn, ó nu funfun yẹn kúrò títí dé ojú rírán. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó rẹ àkísà kan, ó fún un gbẹ kó tó kàn án. Nígbà tí ojú awọ gbẹ, ó fi ìka kan bu pọ́líìṣì díẹ̀, ó ra á róbótó róbótó. Ó wá ká ọwọ́ gbera.

"Kí lẹ ń wò?"

"Kó jẹ ẹ́ ná," ó ní.

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwa méjèèjì ń wò ó.

Nígbà tó fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún tán, mo ń ṣọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ dé ìlàjì, ó dúró, ó gbé ojú sókè.

"Ìyá Hàbíbàt, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ṣíbí."

Mo wọlé, mo mú un wá. Ó fi ti gìgísẹ̀ wọlé, ó dìde, ó rìn dé títì. Atẹ́gùn òjò ti ń fẹ́.

"Opéléńgẹ́," mo pè é, "bí òjò bá ká yín mọ́ ọ̀nà, ẹ ò gbọdọ̀ bọ́ bàtà yẹn."

"Á bàjẹ́ o."

"Kó bàjẹ́. Ẹ wọ̀ ọ́ délé. Tó bá di ọ̀la, ẹ gbé e padà wá. Bébà wà nílé."