Bàbá Fọlákẹ́, Ẹni Tí Kò Gba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Ìyá Rẹ̀

Yéè, Bàbá Fọlákẹ́! Wọ́n ní ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí n ké, kí n sọ pé ó di gbére. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n igbe náà kò tíì jáde lẹ́nu mi. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ ni ara mi ti dà bí ara ẹlòmíràn. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń sunkún, èmi ń sọ pé ẹ ṣé, ẹ ṣé. Lọ́jọ́ kejì tí ẹ lọ, mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, mo ṣẹ́ etí ṣòkòtò oníbàárà kan, mo gé òwú rẹ̀, mo ká a dáadáa. Àwọn obìnrin ilé ń wò mí. Ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́. Omi ojú ni kò tíì mọ ọ̀nà.

Àwọn kan wà lára àwọn tó máa ka ìwé yìí tí wọ́n mọ̀ yín kìkì bí ọkùnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá ní àdúgbò Màkún láràárọ̀. Kí wọ́n lè mọ ẹni tí a ń sin, n óò sọ ọ́. Jékọ́bù ni orúkọ ìsàmì yín. Abúlé kan lẹ́yìn Ìsarà ni wọ́n ti bí yín, ṣùgbọ́n Ṣàgámù níhìn-ín lẹ ti ṣiṣẹ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ní ilé ìtẹ̀wé, ẹ̀yin lẹ máa ń to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi di ọ̀rọ̀. Ìwé orin ìkórè, káàdì ìgbéyàwó, ìkéde àwọn oníṣòwò obì, gbogbo rẹ̀ ló gba ọwọ́ yín kọjá. Ọkọ mi, ọkùnrin pẹ̀lẹ́, aláápọn tí kì í pariwo iṣẹ́, ẹni tí a rán níṣẹ́ tí kì í fi tirẹ̀ kún un. Bí ẹ bá wọlé nírọ̀lẹ́, epo òyìnbó lẹ fi ń kọ́kọ́ fọ ọwọ́, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, síbẹ̀ dúdú ìka yín kì í lọ tán. Kò sí ohun tí ẹ kì í kà. Bébà tí wọ́n fi pọ́n àkàrà wá, ẹ óò tẹ́ ẹ, ẹ óò kà á tòun ti epo tó wà lára rẹ̀, ẹ óò sì sọ ibi tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti ṣì í ṣe.

Ohun tí ó máa ń dùn yín jù nínú iṣẹ́ náà ni àwọn kómà kéékèèké tí wọ́n ń gbé sókè níwájú ọ̀rọ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, kí òǹkàwé lè mọ̀ pé ẹnìkan ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀yin kì í pè é ní kómà. Àmì ẹnu lẹ ń pè é. Ẹ máa ń sọ fún mi pé, "Ìyá Fọlákẹ́, ẹnu tó bá ṣí gbọ́dọ̀ padé. Ẹnu tí kò bá padé, ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni yóò gbé mì." Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán ni.

Ní ọdún tí mo lóyún Dàpọ̀, àbúrò Fọlákẹ́, àwọn ọmọ abúlé yín kó ara jọ pé àwọn fẹ́ tẹ ìwé ìtàn abúlé náà. Tísà ilé ìwé ibẹ̀ ló lọ jókòó ti àwọn àgbàlagbà, tó ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí ó parí, ó gbé e wá sí ilé ìtẹ̀wé yín. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n àmì ẹnu inú rẹ̀ rí jákujàku. Ibì kan ṣí, kò padé. Ibì kan padé láìṣí. Níbòmíràn, Tísà fi í ṣe ẹ̀ṣọ́ sára orúkọ odò àti orúkọ oyè, bí ẹni fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn ewúrẹ́. Ọ̀gá yín ní kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í to lẹ́tà. Ẹ gbé e wálé. Lọ́jọ́ ìsinmi tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí a ti jẹun, èmi a máa kà á sókè, ẹ̀yin a máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú pẹ́ńsù. Tí mo bá dé ibi àmì, n ó ní "ṣí", n ó ní "tì". Báyìí la ṣe ń bá a bọ̀, ọ̀rọ̀ kálukú ń padà sẹ́nu kálukú.

Lẹ́yìn náà ni a dé ojú ewé tí Tísà ti kọ ọ̀rọ̀ ìyá yín. Ó ṣí ẹnu fún wọn, ó kọ ọ́ pé ọkọ wọn ló ṣán igbó etí odò, òun ló sì gbin obì síbẹ̀. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwa, a tọrọ rẹ̀ ni. Kò sí àmì kankan tó pa ẹnu náà dé.

Mo kà á tán, n kò rí ibi tí n ó ti ní "tì". Ẹ gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Bí ẹ bá pa á dé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ obì, a jẹ́ pé Tísà ló fi gbólóhùn tó kẹ́yìn kún un láti inú àhesọ, ẹnikẹ́ni sì lè ní irọ́ ni. Bí ẹ bá pa á dé lẹ́yìn gbólóhùn náà, a jẹ́ pé ìyá yín ló fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Ẹ̀rí nìyẹn, ẹ̀rí tí a tẹ̀ sínú ìwé. Ilẹ̀ etí odò yẹn sì ni ogún tí bàbá yín fi sílẹ̀ fún ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Káyọ̀dé. Obì ibẹ̀ ló rán ẹ̀yin méjèèjì nílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n yín ti bá ọkùnrin kan sọ ọ́ pé àwọn yóò ta apá kan fún un, kó fi ṣe sọ́míìlì tí wọ́n ti ń la pákó.

Ẹ ránṣẹ́ pe Tísà. Ó wo ìwé ara rẹ̀ títí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, n kò ní purọ́ fún yín. Bí Màmá ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń kọ ọ́, ọwọ́ mi ń sáré. Mo sì ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn lẹ́nu àwọn míràn tẹ́lẹ̀. N kò mọ̀ mọ́ bóyá Màmá ló sọ ọ́ tàbí èmi ni mo fi kún un."

Ẹ ní, "Kò burú. Ẹni tó ni ẹnu ṣì wà láyé. Ẹ jẹ́ ká lọ bi wọ́n."

Àwa mẹ́ta la jọ lọ, ẹ̀yin, èmi àti Tísà. A wọ mọ́tò dé Ìsarà, a fẹsẹ̀ rin ìyókù. A bá Màmá níwájú ilé, wọ́n ń fi ewé di obì sínú agbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n yín ti gbọ́ pé à ń bọ̀, wọ́n ti gbé àpótí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Mo kúnlẹ̀, ẹ̀yin àti Tísà dọ̀bálẹ̀, a kí wọn. Tísà ka ojú ewé náà sókè láìfi ohùn tẹ ibi kankan. Lẹ́yìn náà lẹ bèèrè pé, "Ìyá, gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, àbí Tísà ló fi kún un?"

Ẹ̀gbọ́n yín wúkọ́. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ rò ó dáadáa o. Ilẹ̀ bàbá wa ni."

Màmá kò gbé ojú sókè kúrò lórí obì. Wọ́n ní, "Kí ni mo tún fẹ́ rò? Èmi ni mo sọ ọ́. Oyún ìwọ Bàbá Káyọ̀dé ló wà nínú mi nígbà tí bàbá yín lọ tọrọ ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn ará òkè odò. Èmi ni mo ru ẹmu tí ó fi tọrọ rẹ̀. Obì ni tiwa. Ilẹ̀ kọ́."

Ẹ̀gbọ́n yín ní, "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé àwa ọmọ yín ni?"

"Ṣé ìgbà tí mo bá kú tán ni kí n tó wá sọ ọ́?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pin sí lójú Màmá. Wọ́n ní kí n wá mu omi, nítorí oyún inú mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín fà yín lọ́wọ́ lọ sí ìdí igi òro tó wà lẹ́yìnkùlé. Mo ń gbọ́ ohùn wọn láti ibi tí mo jókòó sí. "Jékọ́bù, kómà ni o! Kómà lásán. Pa á dé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ obì, kí gbogbo wa sinmi. Ta ni yóò rí i?"

Ẹ ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, èmi ti rí i. Bí mo bá pa á dé síbẹ̀, mo ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá wa nìyẹn, wọ́n sì ṣì wà láàyè. Ẹ dárí jì mí. Ọwọ́ mi kò lè ṣe é."

Wọ́n ní, "Nígbà náà, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún wọn nínú iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fi yín sílẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ náà, wọ́n wọlé lọ. Nígbà tí a ń padà, nínú mọ́tò, ẹ ń fi ọwọ́ nu iyẹ̀pẹ̀ eékún yín. Mo rí i pé iyẹ̀pẹ̀ náà ti tán, ẹ ṣì ń nù ún. Àwọn tó ń sọ pé ọkàn yín le nítorí ilẹ̀ yẹn, wọn kò rí ọwọ́ yín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin náà fẹ́ ilẹ̀. A kò tíì kọ́lé nígbà yẹn, a kò sì tíì kọ́ ọ títí di òní.

Ẹ to ojú ewé náà bí Màmá ṣe sọ ọ́. Ìwé jáde, wọ́n rà á, wọ́n kà á. Àwọn ará òkè odò rí ọ̀rọ̀ Màmá níbẹ̀. Àwọn àgbà wọn wá sílé Màmá, a rò pé ìjà ni wọ́n bá wá. Wọ́n jókòó, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n ní kí ọmọ àti ọmọ-ọmọ Màmá máa ká obì náà títí igi yóò fi gbó, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀. Ọlọ́sọ́míìlì gba ibòmíràn lọ. Ẹ̀gbọ́n yín kò wá síbi ìsọmọlórúkọ Dàpọ̀. Ẹ gbé àga sílẹ̀ dè wọ́n lọ́jọ́ náà títí àwọn àlejò fi túká. Nígbà tí Màmá kú, ẹ̀yin méjèèjì dúró létí ibojì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ọdọọdún lẹ máa ń ránṣẹ́ kí wọn lákòókò ọdún Àjíǹde. Iṣẹ́ náà ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Èsì kì í padà.

Bàbá Fọlákẹ́, ibi tí ẹ mọ̀ ọ́n dé nìyẹn. Ìyókù ni mo fẹ́ sọ fún yín nísinsìnyí, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí yóò sọ ọ́.

Ibà tó mú yín kò fún wa láyè. Nígbà tí a gbé yín dé ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ yín ti ń dàrú. Nígbà tó yá, ẹ kò dáhùn mọ́. Mo jókòó, mò ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ yín, n kò ronú ohunkóhun. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀gbọ́n yín ni. Erùpẹ̀ ọ̀nà wà lẹ́sẹ̀ wọn dé orókùn. Wọn kò kí mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ibùsùn yín, wọ́n ní, "Jékọ́bù. Jékọ́bù, ẹ̀gbọ́n rẹ rèé."

Ẹ kò gbọ́. Mo wo ojú yín dáadáa, mo mọ̀ pé ẹ kò gbọ́.

Wọ́n gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n jókòó sétí ibùsùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ yín. Wọn kò mẹ́nu ba ilẹ̀, wọn kò mẹ́nu ba ìwé. Nọ́ọ̀sì ní àkókò àlejò ti tán, wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tí èémí yín dá, mo mọ̀, nọ́ọ̀sì náà mọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín kò dúró. Wọ́n ń fẹ́ yín lọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fẹ́ ọmọ tó ń sùn, títí nọ́ọ̀sì fi rọra gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Lóòótọ́, bí a bá ń gbé yín lọ lónìí, ẹ kò ní rí wọn létí ibojì. Ẹ má rò ó sí ìbínú. Àgbà kì í sin àbúrò rẹ̀. Ilé ni wọ́n jókòó sí, ìyàwó wọn sọ fún mi pé wọn kò tíì fẹnu kan oúnjẹ. Fọlákẹ́ àti Dàpọ̀ yóò máa lo ọlidé ilé ìwé lọ́dọ̀ wọn ní abúlé, Bàbá Káyọ̀dé ló sọ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn.

N kò mọ ohun tí n óò tún sọ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún mi, ẹ kí Màmá. Ẹ sùn re, ọkọ mi. Ẹ sùn un re.

Èmi ni aya yín,
Ìyá Fọlákẹ́.