Ọmọ Tí Gbogbo Ilé Ń Gbé

Ní agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnká, a kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá ọmọ kí a tó gbé ọmọ. Ẹni tó bá rí ọmọ tó ń rìn lẹ́bàá ògiri lè gbé e, kí ó nu imú rẹ̀, kí ó bu nínú ohun tó ń jẹ fún un, kí ó sì gbé e dé Mápó kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ kì í ṣe ti ẹnìkan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, nítorí kò sí yàrá tí n kò lè wọ̀ láti jẹun. Ìgbà tí màmá mi bí àbúrò mi ọkùnrin ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn.

Àbúrò mi kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í gbé ojú kan. Iwájú ilé wa dà gẹ̀rẹ́ sí títì tí ọ̀kadà ń sáré sọ̀ kalẹ̀. Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì náà kò ní ìdérí. Ní ẹ̀yìnkùlé, kànga wà tí a fi páànù bò, ṣùgbọ́n àgádágodo rẹ̀ ti bàjẹ́, òkúta ni a ń gbé lé e. Bí olùkọ́ bá ń kọ nǹkan sójú pátákó, òkúta yẹn ni èmi máa ń rò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ìsinmi, lẹ́yìn ìrun alásárì, màmá mi lọ ká aṣọ tí wọ́n sá. Wọ́n fi àbúrò mi sílẹ̀ lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín àwọn ìyàwó ilé tó ń ṣa ẹ̀wà. Nígbà tí màmá mi padà dé, ẹní wà níbẹ̀, ọmọ kò sí.

"Ọmọ mi dà?"

"Ṣebí ìyàwó kékeré ló gbé e?"

"Èmi kọ́ o! Mo rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni."

Inú yàrá ni èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń lọ aṣọ. Mo jáde sí wọn ní ọwọ́ òfo, màmá mi wò mí, ojú wọn yí padà.

"Ẹ fara balẹ̀ jàre," ni ìyàwó àgbà wí. "Ọmọ ilé yìí kì í sọnù. Ẹni tó bá jí i gbé, tó bá rí bí ó ṣe ń jẹun, á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dá a padà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Òkúta wà nílẹ̀, páànù ti yẹ̀ kúrò, ẹnu kànga là sílẹ̀. Títí di òní, kò sí ẹni tó gbà pé òun ló ṣí i. Mo pariwo.

Gbogbo ilé dà síbẹ̀. Wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án, omi dúdú nìkan ni a rí. Àbúrò bàbá mi wá mú ìkọ́ irin tí a fi ń yọ korobá tó bá já sínú kànga, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Màmá mi di ìdí okùn náà mú lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò sunkún. Wọ́n kàn di okùn náà mú ṣinṣin. Nígbà tí ìkọ́ náà kọ́ nǹkan tó wúwo, gbogbo obìnrin kígbe pọ̀: "Yáà Ọlọ́hun!" Ògbólógbòó korobá tí ẹrẹ̀ kún inú rẹ̀ ló bá a jáde.

Ìgbà yẹn ni a gbọ́ ohùn lẹ́yìn wa.

"Ta ló já sínú kànga?"

Ìyá Àgbà ni, àbúrò bàbá tó bí bàbá mi, tí wọ́n padà wá gbé nínú ilé bàbá wọn lẹ́yìn tí ọkọ wọn kú. Àbúrò mi wà lẹ́yìn wọn, àádùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, epo kún gbogbo ẹnu rẹ̀. Ọjà'ba ni wọ́n gbé e lọ, kí ọ̀rẹ́ wọn tó ń ta ata gbígbẹ lè rí bí ó ti dàgbà.

Màmá mi kúnlẹ̀. Ìyàwó ilé ni wọ́n. Ìyá Àgbà sì jẹ́ ọmọ ilé, nítorí náà ọkọ ni wọ́n jẹ́ sí màmá mi. Ìyàwó kì í bá ọkọ rẹ̀ wí ní gbangba.

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi," ni màmá mi wí. "Ẹ kú ìnáwó àádùn."

Inú bí mi sí ìkíni náà.

Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, màmá mi lọ kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà. Mo tẹ̀ lé wọn, mo pọn ọmọ.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá ti fẹ́ gbé e, ẹ kàn pè mí. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn yín, ó tán."

"Kí n wá máa tọrọ ọmọ nínú ilé bàbá mi? Lọ́wọ́ ìwọ tí mo bá wẹ ọmọ náà láti ọjọ́ tí o ti bí i?"

"Òótọ́ ni, mà. Kànga ni mo ń bẹ̀rù, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Dìde." Ìyá Àgbà wọlé, wọ́n sì fa kọ́tìnnì.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò fọwọ́ kan àbúrò mi mọ́. Bí ó bá dúró ní ẹnu ọ̀nà wọn tó ń ké pè wọ́n, wọn kò ní dáhùn. Àwọn ará ilé ní ìgbéraga ló ń da màmá mi láàmú. Bàbá mi ra àgádágodo tuntun sí kànga, ṣùgbọ́n ta ló lè ti títì ní àgádágodo? Bàbá mi ní àwọn yóò lọ bẹ Ìyá Àgbà.

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n," ni màmá mi wí, "àmọ́ ẹ má sọ pé mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ o."

Ẹ̀rù bà mí pé àwọn ará ilé yóò bá màmá mi jà nítorí wa, síbẹ̀ mo ń gbàdúrà pé kí màmá mi má ṣe kó ọ̀rọ̀ náà jẹ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, a gbọ́ igbe ní àárín ilé. Ìyá Àgbà ni, wọ́n ti pọn àbúrò mi.

"Gbogbo ilé, ẹ gbọ́ o! Gbọ́mọgbọ́mọ ti dé o! Mo ti jí ọmọ ìyàwó gbé! Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni mò ń gbé e lọ, ẹni tó bá fẹ́ lé mi kí ó máa bọ̀!"

Ẹ̀rín ta kárí ilé. Láti inú kíṣìnnì, màmá mi dáhùn: "Mo gbọ́ o, ọkọ mi! Ẹ máa rọra o!"

Báyìí ni gbogbo ilé ṣe ń ké nísinsìnyí. Ẹni tó fẹ́ gbé àbúrò mi dé ojúlé kejì lásán yóò kọ́kọ́ pariwo pé gbọ́mọgbọ́mọ ti dé. Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn ń fi màmá mi ṣe ẹ̀sín ni. Màmá mi ń dá gbogbo wọn lóhùn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bí ìdáhùn wọn bá pẹ́ díẹ̀, èmi ni mo máa ń fi ìwé mi sílẹ̀, tí mo máa ń jáde lọ wo ibi tí wọ́n gbé ọmọ dé.