Àwo Oúnjẹ Tó Ń Lé Àlejò

Ìyá mi kì í jẹ́ kí àlejò kúrò nílé wọn láì fi oúnjẹ kan ẹnu. Ẹni tó wá ka mítà iná ń jẹun níbẹ̀. Ẹni tó ṣi ilé wá náà ń jẹun kí wọ́n tó júwe ọ̀nà fún un. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ agbẹ̀bí ni wọ́n ti ń dá gbé nínú fúláàtì ìsàlẹ̀ ilé wa ní Ado Road, ní Ajah, èmi sì ń gbé òkè. Gbogbo ọmọ tí wọn ò gbẹ̀bí rẹ̀ mọ́, oúnjẹ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ óò mọ irú ìdààmú tó bá ilé wa nígbà tí ọmọbìnrin kan wá láti Jàpáàn, tó sì sá fún oúnjẹ wọn lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ibi iṣẹ́ mi ní Oniru ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà fún mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó wá lo ọdún kan láti kọ ìwé nípa àṣà àti ìgbàgbọ́: ohun tí àwa ń ṣe, ohun tí àwọn ń ṣe, ibi tó ti jọra àti ibi tó ti yàtọ̀. Ó ń wá àgbàlagbà tó mọ èèwọ̀ àtijọ́, pàápàá ti aboyún àti ọmọ tuntun. Mo ní ó ti bá a. Èèwọ̀ tí ìyá mi mọ̀ ju èyí tí ìwé kan lè gbà lọ.

Ó ti kọ́ Yorùbá nílé wọn kó tó wá, Yorùbá tó gún régé bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Kò mọ ìwọ, ẹ̀yin ló ń pe gbogbo ẹni tó bá rí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, ó kí ológbò ìyá mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Ológbò ò dáhùn, àmọ́ ìyá mi ti fẹ́ràn ọmọ náà láti ìgbà yẹn.

Sátidé ni. Ó ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un, ó yí i padà, ó kọjú rẹ̀ sí ìta. Ìyá mi, tí wọn kì í jẹ́ kí bàtà wọ pálọ̀ tí wọ́n ti ń kírun, wò mí bí ẹni pé kí n wá kẹ́kọ̀ọ́. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fún wọn ní páálí bisikíìtì tó gbé láti ilé wọn. Ìyá mi tún wò mí.

Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀. Ìyá mi ní a kì í súfèé lálẹ́, ejò á wọlé. Ọmọ náà fi bírò sílẹ̀. Ó ní ohun tí ìyá ìyá òun máa ń sọ gan-an nìyẹn, ejò kan náà. Ìyá mi ní tí eyín ọmọdé bá yọ, orí òrùlé là ń jù ú sí, alángbá ò sì gbọ́dọ̀ rí i. Ó ní àwọn náà ń ju ti ìsàlẹ̀ sórí òrùlé, ṣùgbọ́n ti òkè, abẹ́ ilé ni wọ́n ń jù ú sí, kí tuntun lè mọ ọ̀nà tó máa gbà hù. Ìyá mi ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Wọ́n ní ó bọ́gbọ́n mu, wọ́n sì fi ahọ́n kan àlàfo eyín òkè wọn tó ti kán látọjọ́, bí ẹni tó ń wádìí ibi tí wọ́n jù ú sí. Èmi kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ayé tóbi tó báyìí, ejò kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn wákàtí méjì, ìyá mi dìde, wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ jáde. Ewùrà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rin ni, pẹ̀lú edé àti ẹja gbígbẹ láti Eleko níbi tí wọ́n ti bí wọn. Wọ́n gbé àwo kalẹ̀ síwájú àlejò. Ọmọ náà wo àwo, ó wo aago, ó dìde. Ó tẹríba, ó dúpẹ́, ó ní kí wọ́n má bínú pé òun ti pẹ́ jù. Ó tún tẹríba, ó wọ bàtà tó ti kọjú síta, ó lọ. Ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ ìyá mi.

A ní bóyá ó ní ibi tó ń lọ. Sátidé kejì, ìyá mi rò pé bóyá ìkọ́kọrẹ́ ló ṣàjèjì sí i, wọ́n bá se ìrẹsì, wọ́n sì gbé e jáde lẹ́yìn wákàtí kan kó má baà tún sá. Ó sá. Sátidé kẹta, dòdò àti ẹyin ni, kò sì tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tó jókòó. Ó dúpẹ́ títí ó fi dé géètì. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ìyá mi ní lọ́tẹ̀ yìí àwọn ò ní gbà. Wọ́n ti to oúnjẹ sórí tábìlì kó tó dé rárá. Ọmọ náà bọ́ bàtà kan, ó yọjú sí pálọ̀, ó rí àwo, ó tún bàtà náà wọ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní òun kàn ní kí òun yà kí wọn ni.

Ìyá mi kó oúnjẹ náà padà sínú ìkòkò. Wọ́n wá bi mí léèrè.

"Ṣé nǹkan kan wà lára mi tí àwọn èèyàn ń rí ni?"

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnì kan ládùúgbò sọ ọ́ kiri pé àjẹ́ ni wọ́n, pé obìnrin tó dàgbà, tó ń dá gbé, tó sì mọ tinú tòde aboyún, kò lè ṣàì ní nǹkan míì lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwo wọn padà bí wọ́n ṣe gbé e fún wọn, pẹ̀lú ọpẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti kú, ìyá mi ò sì sọ ọ́ mọ́. Àmọ́ ó dùn wọ́n, ó sì dun èmi náà títí dòní.

Wọ́n ní kí n sọ fún ọmọ náà pé kó má wá mọ́. Ẹni tí kò lè jẹ oúnjẹ àwọn, àwọn ò lè jókòó sọ ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ abiyamọ fún un. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ abiyamọ gan-an ló kù nínú ìwé rẹ̀, oṣù méjì péré ló sì kù kó padà sílé.

Èmi kì í ṣe onísùúrù. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ní kó wá bá mi ní Oniru nígbà ìsinmi ọ̀sán. A jókòó lẹ́bàá òkun, níbi tí wọ́n ti ń ta àgbọn tútù, mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wa. Mi ò béèrè àlàáfíà.

"Ṣé ìyá mi dà bí ẹni tó ń fi májèlé sóúnjẹ ni, àbí kí ni wàhálà ẹ gan-an?"

Mo tún sọ àwọn ọ̀rọ̀ míì tí mi ò ní kọ síbí. Omi bọ́ lójú rẹ̀ sínú àgbọn.

"Àǹtí," ó ní, "Màmá ló ń lé mi."

Ó wá ṣàlàyé. Ìlú àtijọ́ kan ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, àwọn ará ibẹ̀ kì í sọ ohun tó lè dun èèyàn sí i lójú. Wọn kì í sọ fún àlejò pé ó ti pẹ́ jù. Ìyá ìyá rẹ̀, tó tọ́ ọ, oúnjẹ ni wọ́n máa ń gbé jáde, ìrẹsì díẹ̀ tí wọ́n da tíì lé lórí. Bí àlejò bá ti rí àwo yẹn, á mọ̀ pé àkókò ti tó, á dìde, á dúpẹ́. Ẹni tó bá jókòó tó jẹ ẹ́, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yípo. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń fi àṣà náà rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n ara tòun ò tíì gbọ́.

Ó ní lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wákàtí méjì kọjá kí àwo tó jáde. Lọ́sẹ̀ kejì, wákàtí kan. Lọ́sẹ̀ kẹta, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lọ́sẹ̀ kẹrin, kí òun tó bọ́ bàtà kejì, wọ́n ti lé òun. Ohun tí kò yé e ni pé tí wọ́n bá lé e tán, wọ́n á tún ní kó padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Nígbà náà, á lọ ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì létí títì, á jẹ ẹ́ lórí ìdúró, torí òórùn oúnjẹ ìyá mi á ti fẹ́ẹ̀ pa á.

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń ta àgbọn fi bi mí pé kí ló dé. Bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín lojú ń tì mí. Ẹni tó wá láti ọ̀nà jíjìn wá kọ́ àṣà wa, àṣà tirẹ̀ ló gbé e ṣubú. Èmi tí mo sì ń pe ara mi ní ọ̀làjú, ọ̀rọ̀ májèlé ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú, ó sì tẹríba tó bẹ́ẹ̀ tí orí rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan àgbọn.

Nígbà tó di Sátidé, mo mú un dání lọ bá ìyá mi. Èmi ni mo ro ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyá mi bi ọmọ náà pé bí ìyá ìyá rẹ̀ bá wá fẹ́ràn àlejò ńkọ́, tí wọn ò fẹ́ kó lọ, kí ni wọ́n ń ṣe.

"Wọn ò ní gbé nǹkan kan jáde, mà," ó ní. "Wọ́n á kàn máa bá a sọ̀rọ̀."

"Ebi á wá pa ẹni tí wọ́n fẹ́ràn kú," ìyá mi ní.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bẹ́. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ìborùn wọn fi bọ́. Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ológbò. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ó jẹ ìkọ́kọrẹ́. Ó fi ṣíbí ha àwo títí ó fi mọ́ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, nítorí pé lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá jẹ oúnjẹ kù kò mọ rírì ẹni tó sè é. Ìyá mi rí àwo tó mọ́, wọ́n gbà pé kò tíì yó, wọ́n bu òmíràn sí i. Ó tún jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n tún bù. Nígbà tí mo rí i tó ń làágùn, mo sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó fi díẹ̀ sílẹ̀ sétí àwo, kí onílé lè mọ̀ pé ó ti yó. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó jalè. Síbẹ̀, ó fi ṣíbí kan sílẹ̀. Ìyá mi gbé àwo náà kúrò, ara wọn balẹ̀.

Látọjọ́ yẹn lẹnu ìyá mi tú. Wọ́n sọ ti aboyún fún un, wọ́n sọ ti ọmọ tuntun, wọ́n sọ bí a ṣe ń ri ibi ọmọ mọ́lẹ̀, tí ọmọ á fi mọ ilẹ̀ tó ni òun. Wọ́n bi í pé níbo ni wọ́n ri ìwọ́ ìdodo tirẹ̀ sí. Ó ní wọn ò rì í, inú àpótí igi kékeré kan ló wà, nínú dúrọ́ọ̀ ìyá òun. Ìyá mi ò gbà á gbọ́ títí ó fi pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, tí ìyẹn sì gbé àpótí náà síwájú kámẹ́rà. Agbẹ̀bí tó ti gé ìwọ́ àìmọye ọmọ sún mọ́ fóònù bí ìgbà tí wọ́n bá ń wo ọmọ tuntun. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé téèyàn bá kó lọ sílùú míì, á kàn gbé ibi tí wọ́n ti bí i dání.

Wọ́n mú un lọ sí Eleko lọ́jọ́ kan, láti lọ ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀. Àwọn tó wá ṣe fàájì ń ya fọ́tò ara wọn. Ìyá mi àti ọmọ náà lóṣòó ti ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń wo ojú ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó tutù, ẹnì kan ò sì kọ́ ẹnì kejì.

Oṣù méjì náà pé. Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ máa gbéra, ó wá dágbére láàárọ̀. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, mo bá wọn ní pálọ̀. Kò sí àwo lórí tábìlì, kò sí omi pàápàá. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa òjò, nípa ológbò, nípa ohun tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀. Aago mẹ́wàá lù, aago mọ́kànlá lù. Ní aago méjìlá, dírẹ́bà tó fẹ́ gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú dé sẹ́nu géètì, ó fọn fèrè. Inú ti ń bí mi. Mo ní ọmọ yìí fẹ́ rìnrìn àjò, ṣé wọn ò ní fún un ní nǹkan kan jẹ ni?

Ìyá mi ò wojú mi.

"Èmi ò ní gbé oúnjẹ fún un lónìí," wọ́n ní.

Ọmọ náà ti mọ̀ kí n tó mọ̀. Ó sorí kọ́, ó di etí aṣọ ìyá mi mú. Nígbà náà ló yé mi.

Mo wọ kíṣìnì. Ìkọ́kọrẹ́ wà nínú ìkòkò. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ti sè é, wọ́n sì fi aṣọ wé e kó má baà tutù. Dírẹ́bà tún fọn fèrè. Kò sí ẹlòmíì tó máa ṣe é. Mo bu oúnjẹ náà, mo gbé e síwájú rẹ̀. Bó ṣe rí àwo, ó dìde, ara rẹ̀ ò tíì gbọ́ síbẹ̀. Ìyá mi fà á lọ́wọ́, wọ́n mú un jókòó.

"Jẹun kó o tó máa lọ, ọmọ mi."

Ó jẹun, kò kánjú. Ó fi ṣíbí kan sílẹ̀ sétí àwo. Ó kúnlẹ̀, ìyá mi wúre fún un, ó wọ bàtà tó ti kọjú síta, mo sì sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Nígbà tí mo fi máa padà wọlé, ìyá mi ti bọ́ sórí àga tó jókòó sí, wọ́n mú ṣíbí rẹ̀, wọ́n ń jẹ èyí tó fi sílẹ̀.