Ọgbà Ajá Tí Mo Hun

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí wọ́n tó mú mi padà sílé láti wá máa tọ́jú ìyá àgbà. Ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá máa ń ṣòro fún mi láàrin èèyàn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti orí ìwé. Bí gbólóhùn mi bá wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe lọ́kàn yín. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọwọ́ mi ló ṣe é, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lórí ìyẹn.

Ajá méjì ni baba mi fi sílẹ̀ nígbà tó kú, dúdú kan, pupa kan. Ajá ọdẹ ni wọ́n. Bí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, èjìká mi ni wọ́n ń gbé tiwájú lé. Nígbà ayé baba mi, wọn kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nítorí ojoojúmọ́ ló ń kó wọn lọ sóko, tí wọ́n á sáré títí á fi rẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn tó kú, ìdí máńgòrò ni a so wọ́n mọ́. Ajá alágbára tí kò rí ibi sáré sí, okùn ọrùn rẹ̀ ló máa ń bá jà. Lọ́jọ́ kan, dúdú já tirẹ̀, ó bọ́ síta, ó pa ewúrẹ́ aládùúgbò wa kan, ewúrẹ́ tó lóyún.

Ìyá àgbà fún obìnrin náà ní ewúrẹ́ tirẹ̀ dípò, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò baba mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, wà nílé. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ilọrin, nítorí abẹ́ Kwara ni àwa ará Kábà wà nígbà náà, Ilọrin sì ni ohun gbogbo ti ń wá. Ó gba lífù wá sílé, ó sì fẹ́ tún ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tò.

"Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, oní-ajá á wá kó wọn lọ," ló wí.

Gbogbo wa mọ ẹni tó ń pè ní oní-ajá. Ọkùnrin kan ni tó ń ra ajá fún àwọn tó ń fi se ọbẹ̀.

Ìyá àgbà ò gbé ojú kúrò lára kíjìpá tó ń hun. Òfì rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òpó méjì tí a rì mọ́lẹ̀, igi méjì tó dábùú wọn, òwú tí a ta láti òkè délẹ̀. Nílé wa, ọkùnrin kì í fọwọ́ kan òfì tí òwú bá wà lórí rẹ̀, kì í sì í gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá títí a ó fi gé aṣọ náà. Bàbá Kékeré, pẹ̀lú gbogbo ṣòkòtò Ilọrin rẹ̀, òkèèrè ló dúró sí.

"Bí a bá wá rí ibi tì wọ́n mọ́ ńkọ́?" ni ìyá àgbà bi í.

"Ta ni yóò kọ́ ọ, ìyá? Ṣé ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni," ni mo sọ.

Ó yí orí ká bí ẹni tí kòkòrò kùn létí. "Ta ló sọ̀rọ̀? Àbí eku ni? Ìwọ tó jẹ́ pé bí o bá kí èèyàn, àfi kó bẹ̀rẹ̀ kó tó gbọ́!" Ó rẹ́rìn-ín dáadáa. "Ó dáa. Bí o bá kọ́ ọgbà tí àwọn ẹranko yẹn ò lè já títí di ọjọ́ ọjà, mi ò ní tà wọ́n mọ́. Ìyá eléwúrẹ́ náà ń gbọ́ o."

Aládùúgbò wa, tó jókòó lẹ́bàá ìyá àgbà, ní, "Mo gbọ́. Àwọn ewúrẹ́ mi tó kù náà gbọ́."

Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi igi kọ́ ni àká iṣu. Lọ́dọọdún ni mo máa ń bá baba mi ṣe é. A ó gé ìyeyè tútù, a ó rì í mọ́lẹ̀ kó lè rúwé ṣíji bo iṣu, a ó wá fi ìko di àwọn ọ̀pá yòókù mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe lẹ́yìnkùlé, mo sì rò pé mo ti gbọ́n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo ti àwọn ajá mọ́ ọn. N ò tíì fọ abọ́ tán tí pupa fi jẹ ìko ìsàlẹ̀ já, tí dúdú fi gbẹ́ ihò lábẹ́ ọ̀pá. Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni mo ti rí wọn, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ẹnu mi.

Ilé iṣu ni mo kọ́ fún wọn. Iṣu kì í jẹ okùn, iṣu kì í sì í gbẹ́lẹ̀.

"Ẹ wá wò ó o!" ni Bàbá Kékeré ń pariwo. "Iṣu ọmọ yìí ti jáde, ó ń rìn kiri!"

Inú bí mi. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹni tí ojú ń tì kì í bínú. Ó máa ń bínú. Kò kàn rí ẹnu fi bú èèyàn ni.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo jókòó ti ìyá àgbà, mo ń bá a ká òwú. Ojú mi ò kúrò lára òpó òfì.

"Kí lò ń wò?" ló bi mí.

"Òpó yìí. Ṣé kì í yẹ̀ ni?"

"Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí? Ó wọlẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ mi àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. A sì fi iná jó ìdí rẹ̀ kí a tó rì í, ikán ò rí i jẹ." Ó fi ìka ti aṣọ tó ń hun. "Òwú tó gba orí, tó gba abẹ́, fà á wò."

Mo fà á. Òwú kan ṣoṣo, n bá fi eyín já a. Aṣọ náà ò mira.

Mo dìde, mo lọ sóko baba mi. Abà rẹ̀ ti wó, ṣùgbọ́n òpó àyìn mẹ́jọ tó gbé e ró ṣì wà. Igi àyìn le débi pé àdá máa ń ta padà lára rẹ̀. Orí ni mo fi rù wọ́n wálé, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà mo gba ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́ lọ, síbi tí àwọn tó ṣe títì pàgọ́ sí kí wọ́n tó kó lọ. Wáyà tó ti dógùn-ún àti dúrọ́ọ̀mù ọ̀dà mẹ́ta wà nínú koríko níbẹ̀. Baba tó ni ilẹ̀ náà ní kí n kó gbogbo rẹ̀, pé wọ́n ti ba ọkọ́ òun jẹ́ tó. Alágbẹ̀dẹ ló bá mi la àwọn dúrọ́ọ̀mù náà, ó sì nà wọ́n pẹlẹbẹ. Dípò owó, mo fẹ́ ewìrì fún un títí ó fi ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán.

"Mi ò rí i rí kí obìnrin fẹ́ ewìrì," ló wí.

"Ẹ má wò mí nígbà náà."

Ẹnu yà mí pé èmi ni mo sọ ọ́.

Mo jó ìdí àwọn òpó náà, mo rì wọ́n dé orúnkún. Mo gbẹ́ kòtò tóóró láti òpó dé òpó, mo gbé páànù dúrọ́ọ̀mù náà dúró sínú rẹ̀, mo fi òkúta òkè wa àti yangí dí i gbọn-ingbọn-in, kí ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ lè bá òkúta pàdé. Láti orí páànù lọ sókè, mo ta wáyà bí a ṣe ń ta òwú, mo wá ń fi òmíràn gba orí, gba abẹ́, mo ń fi òòlù lù ú mọ́lẹ̀. Mo fi àkísà wé ọwọ́, síbẹ̀ ó gé mi. Mo tẹ orí wáyà sínú kí àwọn ajá má baà fò ó. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sínú, tó fi jẹ́ pé bí ajá bá fi ara tì í, ńṣe ló ń tì í pa. Mo dá ihò kékeré kan sí nísàlẹ̀, tó gba abọ́ omi àti oúnjẹ.

"Aṣọ ta lò ń hun?" ni Bàbá Kékeré ń bi mí lórí àga. "Ṣé ajá fẹ́ gbéyàwó ni?"

Mo fa wáyà náà le sí i.

Ní ọjọ́ ọjà, ó mú òbúkọ kan wá, ó so ó síwájú ọgbà náà, ó sì pe àwọn ará ilé. Òbúkọ ké. Àwọn ajá fò mọ́ wáyà, gbogbo rẹ̀ ń dún, yangí ń fò. Wọ́n gbẹ́lẹ̀, èékánná wọn ń ha òkúta. Wọ́n tún gbìyànjú láti fò ó. Bàbá Kékeré alára fi ẹsẹ̀ ta òpó kan, ó sì tiro padà. Nígbà tó yá, àwọn ajá dùbúlẹ̀, ahọ́n wọn síta. Wáyà kan ò yẹ̀.

"Ó mà dúró o," ni aládùúgbò wa wí. "Akọ̀wé, ìlérí rẹ dọwọ́ rẹ."

"Ìlérí pẹ̀lú ta? Èmi àti ọmọdébìnrin?" Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ajá ọdẹ, ohun ìní ọkùnrin ni. Mo ti sún oní-ajá sí àárọ̀ ọ̀la. Ọ̀túnla ni mò ń padà sí Ilọrin, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ajá mọ́ nílé yìí."

Gbogbo wọn wo ojú mi bóyá máa sọ nǹkan. Mo lọ gbọn omi fún àwọn ajá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó gbálẹ̀, mo ti oúnjẹ gba inú ihò. Mo wá gbẹ́ ilẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn ọgbà náà, dé ìgbọ̀nwọ́ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo ri òpó méjì síbẹ̀ fún òfì tèmi, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Mo di igi méjì dábùú wọn. Òwú tí mo ti ń ran láti ọdún tó kọjá, mo ta á láti òkè délẹ̀, títí n ò fi rí ilẹ̀kùn náà mọ́. Kíjìpá bẹ́ẹ̀, bí ọwọ́ mi bá yá, oṣù kan ni.

Mo jókòó, mo kọjú sí àwọn ajá, mo kẹ̀yìn sí ọ̀nà. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin méjì tó ń bọ̀, mo sì gbọ́ bí wọ́n ṣe dúró.

"Òkun o," ni Bàbá Kékeré kí mi lẹ́yìn, bí àwa ará Kábà ṣe ń kí ara wa, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bíi tèmi.

Mo dá a lóhùn. Mo fi òwú àkọ́kọ́ gba orí, gba abẹ́, mo sì lù ú mọ́lẹ̀.