Irun Iwájú Orí Mi

"Jókòó dáadáa. Àbí mo fẹ́ dúńbú ẹ ni?"

Bí Ìyá, arúgbó aládùúgbò wa, ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ó fi orúnkún méjèèjì há mi léjìká, ó ní "Bísímílà," ó sì ti ìka bọ inú ìgò àdí. Òórùn ẹ̀kùrọ́ yíyan gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti di eyín pọ̀, mo ń retí ìrora, nítorí orí mi kò mọ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ onídìrí. Ìrora náà kò dé.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ní Lotto, ní Mowe. Èkó ni màámi ti ń ṣiṣẹ́; kí oòrùn tó yọ, ó ti wọkọ̀ lọ. Kò ráyè orí mi. Ṣálọ́ọ̀nù ló ń mú mi lọ, wọ́n á fi rílásà sí i, wọ́n á wá fi àtaṣímẹ́ǹtì dì í le dan-in dan-in, kó lè pẹ́ lórí fún oṣù méjì. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, gbogbo ojú á fà mí. Nígbà tó yá, irun iwájú orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í sá sẹ́yìn, títí ibẹ̀ fi ń dán. Àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ mí ní Bàbá Apárí. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, kí n tó lọ sunkún nílé. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní hù mọ́ láéláé.

Ẹ̀yìn ilé wa ni Ìyá ń gbé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì máa ń dúró sí títí màámi á fi dé. Ọmọ Ọ̀fàdà ni, onídìrí tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, arúgbó tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Kì í ṣí orí. Ìbòrí àwọn obìnrin Mùsùlùmí kì í kúrò lórí rẹ̀, n kò sì rò ó sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ tó rí iwájú orí mi dáadáa, ó bá màámi sọ ọ́, màámi sì ní kó máa bá òun tọ́jú rẹ̀, torí ìsinmi gígùn ni a wà.

Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń tú u. Yóò fi ọṣẹ dúdú àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, yóò fi àdí pa á kó tó gbẹ tán, yóò wá fi òòyà onígi yà á díẹ̀díẹ̀, láti ṣóńṣó wá sídìí. Òwú dúdú ló fi ń kó o, ó sì máa ń dẹ ọwọ́ níwájú. Lálẹ́, mo gbọ́dọ̀ fi ṣíkáàfù tó ń yọ̀ wé e kí n tó sùn. Irun tó bá wà lára òòyà, a kì í sọ ọ́ síta. Èmi ni mo máa ń rì í mọ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ó kún ọwọ́ mi. Nígbà tó yá, kò ju ohun tí èèyàn lè fi di ihò etí lọ.

Ibẹ̀ la wà tí àbúrò màámi fi fẹ́ ṣègbéyàwó. Èmi ni ìyàwó kékeré.

"Ẹ kúulé, Màmá." Màámi kúnlẹ̀. "Mo wá mú ọmọ yìí lọ ṣálọ́ọ̀nù ni o. Kò lè gbé irun òwú lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Fótò ńkọ́?"

Mo di ẹsẹ̀ Ìyá mú. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, iwájú á tún já."

"Wàá fara dà á. Ta ló ń rẹwà láìjìyà?"

Ìyá gbé ọwọ́ sókè, ó ṣí ìbòrí rẹ̀. Láti iwájú títí dé òkè etí méjèèjì, kò sí irun kankan. Ibẹ̀ ń dán bí àtẹ́lẹwọ́.

"Ìyàwó, wò ó dáadáa," ó ní fún màámi. "Àwọn tó ń dìrun fún mi sọ pé ẹwà ni. Èmi náà wá di onídìrí. Bí ọmọ bá ké lọ́wọ́ mi, mà á fi ìlarí tí mo fi ń la irun gbá a lórí, mà á ní ẹwà ló ń dùn ún. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Tèmi ti kọjá àtúnṣe. Tọmọ yìí ò tíì kọjá."

Màámi wò ó títí. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí etí wíìgì tirẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ bá wa fi òwú ọ̀hún ṣe é, kó ṣáà ti rẹwà."

Ó rẹwà. Ìyá tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí àárín, ó dà bí adé. Àwọn ọmọ kan ní mo gbé èríà tẹlifíṣọ̀n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ò tu irun kan lára mi.

Nígbà tí òjò tún dé, Ìyá ń fi àtàǹpàkò yẹ iwájú orí mi wò, ló bá dúró lójijì. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e síbẹ̀. Irun kéékèèké ti ń hù lábẹ́ ìka mi. "Alihamdulilahi!" Igbe yẹn dé ojú títì. Mo ń fò sókè fáyọ̀, òun sì bú sẹ́kún. Kò yé mi ohun tó ń pa àgbàlagbà lẹ́kún nítorí irun ọmọ ọlọ́mọ.

Ó ti yé mi báyìí. Ibafo ni mò ń gbé, mo lọ́mọbìnrin, èmi ni mo sì ń ṣe irun rẹ̀. Àdí àti òwú ò wọ́n nílé mi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mú lọ́wọ́ Ìyá tó ṣòroó lò jù ni bí àgbàlagbà ṣe ń ṣí orí rẹ̀ níwájú ọmọdé, kó ní ohun tí òun ti ń ṣe bọ̀ kò dáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń kánjú, mo fa irun náà jù, ọmọ mi sì ké. Ó kù díẹ̀ kí n ní kó panu mọ́. Mo dáwọ́ dúró, mo tú u, mo ní, "Má bínú, èmi ni mo ṣàṣìṣe."

Ó nu ojú rẹ̀, ó gbé orí lé itan mi padà. Kí n tó kó ìlà kejì tán, oorun ti gbé e lọ.