Bàbá Tó Padà Wá La Ojú Ọ̀tún

Bí ẹ bá rí nọ́ọ̀sì tó kúnlẹ̀ kí aláìsàn tí kò tíì hu eyín, ẹ má rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Èmi nìyẹn, nílé ìwòsàn ojú wa ní Pobè, níṣojú gbogbo èrò tó jókòó sórí àga gbọọrọ. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Bàbá fi ojú kan ṣoṣo wò mí, ó da itọ́ sí àyà ìyá rẹ̀, ó sì wo ibòmíràn.

Ìyá àgbà kan láti Towé ló pàṣẹ kíkúnlẹ̀ yẹn. Ìyá Towé ni mo ń pè é títí dòní. Nítorí ojú tirẹ̀ ló ṣe wá lọ́jọ́ náà, ojú ń yún un, ó sì ń ṣomi. Ọláyọ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló sìn ín wá. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó sì fi ìborùn bò ó lórí. Bí mo ṣe ń kán oògùn sójú Ìyá Towé, ọmọ sín, ìborùn ṣí, mo sì rí kókó pupa kan lórí ìpéǹpéjú rẹ̀ ọ̀tún. Ó pọ́n bí ata, ó wú, ó sì ti fa ìpéǹpéjú náà wálẹ̀ débi pé ojú yẹn ò là mọ́. Ẹnu yà mí, oògùn tó wà lọ́wọ́ mi sì kán sórí imú Ìyá Towé.

"Kí ló ṣe ọmọ yìí lójú?" ni mo bi Ọláyọ́.

Ìyá Towé ló dáhùn, ó ń nu imú, ó sì pè mí ní Tàtá, bí a ṣe ń pe àǹtí níbí. "Kò sóhun tó ṣe wọ́n. Àmì wọn nìyẹn. Tàtá, ṣé ẹ ti kí wọn?"

"Kí n kí ta ni, Mamá?"

"Bàbá mi ni."

Bí mo ṣe kúnlẹ̀ nìyẹn. Bàbá tó bí Ìyá Towé ní kókó lórí ìpéǹpéjú ọ̀tún láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́. Kókó náà dàgbà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì bo ojú yẹn títí bàbá fi kú. Ọmọkùnrin tí wọ́n kọ́kọ́ bí nínú ilé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n sọ ní Babátúndé. Orúkọ lásán ni lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láyé, tí nǹkan pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ọ̀tún kan náà, ariwo ayọ̀ sọ nínú ilé. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń pè é ní ìwọ mọ́. Àwọn àgbàlagbà pàápàá ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ ìtẹ́dìí rẹ̀.

Inú èmi náà ì bá dùn sí i, nítorí mo fẹ́ràn ọmọ tó níyì. Ṣùgbọ́n àyà mi já, ó sì yẹ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa. Kókó tó ń yọ lójú ènìyàn pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ju eéwo kékeré lọ, aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó láti yanjú rẹ̀. Àwọn tó ṣọ̀wọ́n ni wọ́n ń dààmú wa. Òmíràn ń fara pamọ́ sẹ́yìn ẹyinjú, nínú ihò eegun tí ojú jókòó sí, á sì máa ti ojú síta díẹ̀díẹ̀. Òmíràn sì ń díbọ́n. Olùkọ́ kan wá bá wa láti Issaba, eéwo lásán ni gbogbo ènìyàn pe tirẹ̀. Wọ́n là á, ó padà wá síbi kan náà, wọ́n tún là á, ó tún padà. Nígbà tí a fi èérún rẹ̀ ránṣẹ́ sí Kútọ̀nù fún àyẹ̀wò, jẹjẹrẹ ni. Ọpẹ́ ni pé ó bọ́ sákòókò. Wọ́n gé e pẹ̀lú díẹ̀ lára ìpéǹpéjú, wọ́n sì fi awọ ara rẹ̀ tún ìpéǹpéjú náà ṣe. Ìpéǹpéjú náà ṣiṣẹ́ débi pé olùkọ́ yìí máa ń ṣẹ́jú sí mi lọ́jà Sakété. Ìyàwó rẹ̀ ò fẹ́ràn ṣíṣẹ́jú yẹn rárá.

Ti ọmọdé tún wá ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Sakété, obìnrin kan tó jẹ́ pé bó bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá, wọ́n á gbọ́ ọ lójú títì, máa ń sọ fún mi pé, "Jùlí, tó bá ti jẹ́ ọmọ ọwọ́, má wo bí kókó ṣe tóbi. Wò ó bóyá ó jẹ́ kí ojú là." Ìdí rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń ríran láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ojú àti ọpọlọ ni wọ́n jọ ń kọ́ ọ láti kékeré, gẹ́gẹ́ bí ẹnu ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ojú tí nǹkan bá bò lákòókò yẹn kò rí nǹkan kọ́. Bí wọ́n bá ṣí i nígbà tí ọmọ ti dàgbà, á mọ́ kedere, á rẹwà, ṣùgbọ́n kò ní fi bẹ́ẹ̀ ríran. Ohun tó já mi láyà nípa Bàbá nìyẹn. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti ń pa ẹ̀kọ́ jẹ.

Mo sáré pe dókítà wa. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, onísùúrù ènìyàn, kò sì sẹ́ni tó ní kó kí ọmọ kó tó kí i ní èdè Gùn. Ìyá Towé ní Bàbá gbọ́ Gùn dáadáa nígbà ayé wọn. Dókítà fi ìka tẹ kókó náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó funfun, bó ṣe gbé ìka kúrò, pupa tún padà. Nígbà tí ọmọ sunkún, kókó náà wú sí i. A fi ẹ̀rọ wo inú ihò ojú rẹ̀, a rí i pé kò wọlé jìnnà.

Dókítà ní, "Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ló hun pọ̀. Irú rẹ̀ máa ń súnkì fúnra rẹ̀ tó bá pẹ́, ṣùgbọ́n ojú yìí ò lè dúró dè é. Oògùn wà tí a ó máa kán sí i lẹ́nu. A ò ní lo ọ̀bẹ."

Mo fẹ́ jó. Ìyá Towé dìde. "Ṣé oògùn yẹn á mú un kúrò?"

"Á mú un kúrò, Mamá, tàbí kó kù bíńtín," ni dókítà wí tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ ṣé o. A ò fẹ́. Tí ẹ bá pa àmì wọn rẹ́, wọ́n á ní a ò fẹ́ wọn mọ́. Wọ́n á padà síbi tí wọ́n ti wá."

Kò sí ẹni tó lè bá ìbẹ̀rù yẹn ṣàwàdà. Ó ti sin bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò fẹ́ sin ín lẹ́ẹ̀kejì. Ọláyọ́ fi ìborùn bo ọmọ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn wò mí, mi ò sì lè gbàgbé bó ṣe wò mí.

Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo gun ọ̀kadà tí a ń pè ní sẹ́mìjàn láti Sakété, níbi tí mo ń gbé, ó di Towé. Gbogbo ọ̀nà ni ọlọ́kadà náà fi ń kùn pé ara mi wúwo, mo sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tí mo dì dání ló wúwo. Mo bá Ìyá Towé níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo kúnlẹ̀ kí Bàbá, mo gba ọ̀bẹ, èmi náà ń bó. Ẹ̀gẹ́ bíbó máa ń mú kí ènìyàn sọ̀rọ̀. Mi ò dárúkọ oògùn rárá. Bàbá àtijọ́ ni mo ń béèrè, bó ṣe ga tó, irú ọbẹ̀ tó fẹ́ràn, bó ṣe ń pa àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́rìn-ín.

Mo wá ní, "Kókó ojú wọn ńkọ́, Mamá? Ṣé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀?"

Ẹ̀rín pa Ìyá Towé débi pé ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Fẹ́ràn kẹ̀? Àràárọ̀ ni wọ́n ń bú u! Wọ́n á ní, 'Ìwọ àlejò yìí, ìgbà wo lo máa lọ ilé ẹ?' Wọ́n tiẹ̀ gbéra lọ́jọ́ kan, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé Pobè pé kí wọ́n bá wọn gé e. Àwọn ará ibẹ̀ sọ fún Bàbá pé kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ ojú níbẹ̀. Wọ́n bá tún fẹsẹ̀ rìn padà wálé, inú wọn ò dùn títí ilẹ̀ fi..."

Ó gbé ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ń bó tèmi lọ láìjá lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn tó mọ̀ mí sì mọ̀ pé ìyẹn ò rọrùn fún mi.

"Tàtá," ó ní, "ṣé Pobè yẹn náà ni?"

"Òun náà ni, Mamá. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ojú ti wà níbẹ̀ báyìí."

"A jẹ́ pé wọn ò fi àmì hàn wá. Ìtọ́jú ni wọ́n ń wá." Ó nu ọwọ́ sí ìró. "Ṣùgbọ́n a ó bi wọ́n ná."

Ó gba ọmọ lọ́wọ́ Ọláyọ́, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Bàbá, Tàtá wá láti Pobè. Ṣé ká máa lọ?"

Bàbá wo ìyá àgbà, ó wò mí, ó fajú ro díẹ̀, ó sì tọ̀ sí mi lára. Agboolé hó yèè. Oríire ńlá ni kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tọ̀ síni lára níbí. "Wọ́n ti gbà o!" ni Ìyá Towé ń pariwo. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀rín Ọláyọ́. Nígbà tí mo ń padà lọ, ọlọ́kadà bi mí bóyá òjò rọ̀ ní Towé.

Ilé ìwòsàn ni a ti bẹ̀rẹ̀ oògùn náà, kí a lè máa ṣọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Mo kọ́ Ọláyọ́ pé ọmú ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí oògùn tẹ̀ lé e. Bí ọmọ ò bá jẹun, kò gbọdọ̀ lò ó, kó sì tètè wá bá wa. Ìyá Towé fẹ́ mọ irú oògùn tó jẹ́. Mo sọ òótọ́ fún un pé àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ti ń lò ó tipẹ́.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru!" Ó yíjú sí àwọn tó wà lórí àga gbọọrọ bí ẹni tó borí ẹjọ́. "Ohun tó pa wọ́n nígbà yẹn nìyẹn! Ṣé ẹ rí i pé àwọn náà ni?"

Oògùn ṣiṣẹ́. Pupa kókó náà ń ṣí bí aṣọ tí a fọ̀ léraléra, wíwú rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ìpéǹpéjú sì ń gbéra. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan tí Ọláyọ́ gbé e wọlé, mo rí gbogbo dúdú ojú ọ̀tún, ó ń dán, ó ń wò yí ká. Mo sáré jáde lọ pe dókítà pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti kúnlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá mi wí.

A rò pé ogun ti parí ni. Dókítà fọwọ́ bo ojú ọ̀tún ọmọ, ọmọ ń ṣeré lọ. Ó fọwọ́ bo tòsì, ọmọ figbe ta, ó ń gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ìyẹn ni pé ojú ọ̀tún ti là, ṣùgbọ́n kò tíì kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. A ní láti máa fi bébà alẹ̀mọ́ bo ojú òsì fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, kí ti ọ̀tún lè ṣiṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni Ìyá Towé fà á ya.

"Èyí tó dáa lẹ fẹ́ dì? Ẹ ṣí ọ̀kan tán, ẹ fẹ́ ti ìkejì?"

Mo ṣàlàyé, dókítà ṣàlàyé, pàbó ni. Ó ti ń na ọwọ́ sí ìborùn. Ìgbà yẹn ni Ọláyọ́, tí mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa rí, kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Mamá, inú ilé yín ni Bàbá ti wá, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n inú mi ni wọ́n gbà wọlé. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ojú méjèèjì wò mí."

Ìyá Towé wo ìyàwó náà títí. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí ọmọ mú jẹ́ẹ́, ó sọ fún Ọláyọ́ pé, "Lẹ̀ ẹ́ kó dáa. Wọ́n lágbára, wọ́n á yọ ọ́."

Wọ́n sì ń yọ ọ́ lóòótọ́. Ọláyọ́ ń lẹ̀ ẹ́, Bàbá ń já a, Ọláyọ́ tún ń lẹ̀ ẹ́. Ìjọ aláṣọ funfun ni Ọláyọ́ ń lọ, orin ìjọ ló fi ń rẹ̀ ẹ́ lápá kan. Ìyá Towé náà jókòó sápá kejì, ó ń fi orin ìdílé kì í. Ọmọ wo ni wọ́n tún kẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Ìfẹ̀yìntì mi ò jìnnà mọ́, àwọn ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì sì máa ń bi mí ọjọ́ tó dùn mọ́ mi jù lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ kan ni, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn wa. Bàbá ti ń rá kòrò nígbà náà, bébà wà lójú òsì rẹ̀, ojú ọ̀tún nìkan ló là. Ìyá Towé jókòó sórí ẹní lápá ọ̀tún rẹ̀, ó ń jẹ àkàrà, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bàbá dúró. Ó yí orí, ó wo àkàrà náà, ó rá lọ tààrà, ó nawọ́, ó sì já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò ṣì í mú rárá.

Dókítà pàtẹ́wọ́. Ọláyọ́ bú sẹ́kún ayọ̀. Ìyá Towé kò mì, ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo.

"Tàtá," ó ní, "apá ọ̀tún yìí ni mo máa ń jókòó sí lọ́mọdé, tí mo fi ń jí ẹja nínú ọbẹ̀ wọn. Wọn ò rí mi rí."

Ó dojúbolẹ̀ gbalaja sórí ẹní níwájú ọmọ náà, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n, omi ń dà lójú rẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú," ó ní, "ẹ ti mú mi." Ó sì ti àwo àkàrà tó kù sọ́dọ̀ rẹ̀.